James Peters: Káfíńtà Tó Kúrò ní Rugby Union Bọ́ sí Rugby League

Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí dé Okokomaiko, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó gbá rugby, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbé lọ́wọ́ sáré.

Ìlú Salford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí James Peters ní 1879. Ọmọ Jamaica ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Kìnnìún ni bàbá rẹ̀ fi ń ṣeré fún èrò ìwòran, kìnnìún náà ló sì pa á. Ilé àwọn ọmọ òrukàn ní London ni Peters dàgbà sí. Nígbà tó yá, ó ń ṣe káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Devonport.

Ní 1906, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá rugby fún England. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn ará South Africa dé. Bí wọ́n ṣe rí i nínú ẹgbẹ́ Devon, wọ́n láwọn ò ní bá aláwọ̀ dúdú gbá. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ wọ́n ni wọ́n tó wọ pápá. Nígbà tó kan England láti bá wọn gbá, wọn ò mú Peters rárá. Ìdíje márùn-ún péré ló gbá fún England títí di 1908. Ní 1910, ó pàdánù ìka mẹ́ta níbi iṣẹ́, síbẹ̀ kò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Kí wá ló gbé e dé League? Ní 1895, àwọn kíláàbù kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya kúrò lára Union, torí wọ́n fẹ́ máa sanwó fún òṣìṣẹ́ tó pa iṣẹ́ tì wá gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni League ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti Union nígbà náà, ẹni tó bá gbowó, wọ́n á lé e. Wọ́n fẹ̀sùn owó kan Peters, wọ́n dá a dúró. Ló bá kọrí sí àríwá, ó gbá fún Barrow, lẹ́yìn náà St Helens. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ẹ rò ó wò: olówó lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ káfíńtà tí kò bá débi iṣẹ́, kí ni yóò jẹ?

Peters kú ní 1954. Ó di 1988 kí Union tó tún mú aláwọ̀ dúdú mìíràn fún England: Chris Oti, tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin kápútéènì, tẹ́ ẹ bá ń yan ẹgbẹ́ fún ìdíje ilé-sí-ilé, ohun tí ọmọ lè ṣe ni kẹ́ ẹ wò o.