ANDREW CARNEGIE: ỌMỌ AHUNṢỌ TÍ Ó FI OWÓ ṢÍ ILẸ̀KÙN ÌMỌ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mu púpọ̀. Ní etí òkun Ìlàjẹ tí a ti bí mi, ọmọ apẹja tàbí ọmọ ahunní tí ó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ìgbọ́kọ̀dá kí ó tó rí mọ́tò wọ̀. Bí ó bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tán, owó ni yóò tún dá a dúró. Ta ni yóò san án? Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ìtàn Andrew Carnegie, ọmọ tálákà tí owó rẹ̀ dé Nàìjíríà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1835 ni a bí Carnegie ní ìlú Dunfermline ní ilẹ̀ Scotland. Ahunṣọ ni William, bàbá rẹ̀. Òfì ọlọ́wọ́ ni ó ń lò. Nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ dé, ọjà ahunṣọ kú. Margaret, ìyá rẹ̀, ń rán bàtà, ó sì ń ta ọjà wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè rí jẹ. Ní ọdún 1848, wọ́n yá owó ọkọ̀ kún èyí tí wọ́n ní, wọ́n sì kó lọ sí Allegheny, lẹ́bàá Pittsburgh ní Amẹ́ríkà.

Ilé-iṣẹ́ òwú ni Carnegie ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: wákàtí 12 lóòjọ́, dọ́là 1.20 lọ́sẹ̀. Láti ibẹ̀ ó di ọmọ tí ń jíṣẹ́ wáyà kiri ìlú. Ilé-ìwé ti parí fún un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì James Anderson, tí ó máa ń yá àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní ìwé ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ó yá, olùtọ́jú ìwé ní àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni kò ní sanwó, kí àwọn yòókù máa san dọ́là 2 lọ́dún. Carnegie kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ó bèèrè ìdí tí a ó fi ya ọmọ òṣìṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ní 1853 ó bọ́ sí iṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ Thomas Scott. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí owó ṣe ń bí owó. Nígbà tí ó di 1875, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ń rọ irin rélùwéè, kò sì pẹ́ tí kò fi sí ẹni tí ó tó o nínú òwò irin. Ní 1889 ó kọ àròkọ kan nípa ọrọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ìtìjú ni kí olówó kú sórí owó. Kí ó ná an fún ìlú nígbà tí ó wà láàyè.

Ṣùgbọ́n níbo ni owó náà ti wá? Ní 1892, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Homestead lórí owó oṣù. Carnegie wà ní Scotland. Henry Clay Frick ni ó fi ṣe adelé, òun náà sì fọwọ́ sí i pé kí a fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Frick kó ẹ̀ṣọ́ 300 gba ojú odò wá. Ìbọn dún, nǹkan bí ènìyàn 10 kú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì túká. Òṣìṣẹ́ tí ó ti fi wákàtí 12 dúró ti iná ìléru, ìgbà wo ni yóò ráyè jókòó sí ilé-ìkàwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́?

Ní 1901 ó ta ilé-iṣẹ́ náà fún J. P. Morgan ní mílíọ̀nù 480 dọ́là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó. Ní ọdún náà ó fi mílíọ̀nù 10 dọ́là ran àwọn yunifásítì Scotland lọ́wọ́, a sì ń fi apá kan rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Ní 1903 ó fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee ní 600,000 dọ́là. Ilé-ìkàwé tí ó kọ́ káàkiri ayé lé ní 2,500. Ìlú tí ó bá fẹ́ ni yóò pèsè ilẹ̀ àti owó ìtọ́jú. Ní 1911 ó dá àjọ ńlá rẹ̀ sílẹ̀ ní New York. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1919, ó ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 350 dọ́là.

Àjọ yìí ni ó san owó iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Sir Eric Ashby, tí a yàn ní 1959 láti wo irú ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà nílò. Àbọ̀ wọn jáde ní 1960. Wọ́n ní kí yunifásítì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé Ìbàdàn ti tó fún Ìwọ̀-Oòrùn. Dókítà Sanya Onabamiro, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà, kò gbà. Ó kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó ti ibẹ̀ gba oyè.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ènìyàn wa gbà wá ìdọ́gba. Ní 1947, àwọn apẹja Ìlàjẹ kan tẹ Ayétòrò dó. Àpò kan ni wọ́n ń kó owó sí. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti dá iṣẹ́ bàtà, aṣọ àti ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, láìdúró de olówó kankan. Àpò kan náà kò tọ́jọ́ kọjá ìparí àwọn ọdún 1960, òkun sì ń jẹ ìlú náà lónìí. Síbẹ̀, wọ́n fi hàn pé tálákà lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, oore Carnegie kò ṣeé sẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Homestead kò ṣeé fi pamọ́. Olówó lè kọ́ ilé ìmọ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò yan ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò kọjú sí, àfi bí ẹni tí ó wà níta bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà ni ó ṣílẹ̀kùn fún Carnegie ní Allegheny. Ìwé tí Onabamiro kọ wà lára ohun tí ó bí Ifẹ̀. Kí àwa náà gba ìrànwọ́ pẹ̀lú ọpẹ́, ṣùgbọ́n kí á má ṣe tìtorí rẹ̀ pa ẹnu mọ́ nípa ọmọ tí ó ṣì wà ní etí òkun. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.