Muhammad al-Kishnawi, Onímọ̀ Ìṣirò láti Katsina

Bí a bá dárúkọ àwọn onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, ilẹ̀ Gíríìkì àti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ. Ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà bí ọ̀kan: Muhammad ibn Muhammad, ọmọ Fúlàní láti Katsina, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Kishnawi, èyíinì ni ará Katsina.

Lẹ́yìn tí ó ti kàwé dójú àmì, ó rìnrìn àjò lọ sí Mẹ́kà, ó sì gbé ní Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ní ọdún 1732 ó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá lórí àpótí nọ́ńbà. Ẹ ya àpótí onílé mẹ́sàn-án. Ẹ kọ 2, 7, 6 sí ìlà òkè. 9, 5, 1 sí àárín. 4, 3, 8 sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀ ní ìbú, ní òró, tàbí láti igun dé igun, 15 ni. Àwọn alùfáà a máa kọ irú rẹ̀ sínú tírà, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọkùnrin yìí di ẹni ìrántí ni òfin tí ó là sílẹ̀ fún títo àpótí onílé 3, 5, 7 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹ fi 10 kún nọ́ńbà inú ilé kọ̀ọ̀kan: gbogbo ìlà yóò di 45, nítorí ilé mẹ́ta ni ó wà nínú ìlà, olúkúlùkù sì ti gba 10. Bí ẹ bá fo ilé kan ṣoṣo, àwọn ìlà tí ó gba ibẹ̀ kọjá yóò wọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá oníṣòwò ní Abobo Gare, ní Abidjan, yóò ṣe nígbà tí owó ọkọ̀ bá gbówó lórí: yóò fi fránkì 25 kún iye gbogbo ọjà orí àtẹ, ìyàtọ̀ àárín ọjà kan sí èkejì kò sì ní yẹ̀. Lóde òní àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ń pe irú àpótí onílé bẹ́ẹ̀ ní array. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pa, ẹ̀rọ yóò sì ṣe ìṣirò náà láti ilé dé ilé.

Al-Kishnawi kò padà sí Katsina mọ́. Ní ọdún 1741 ó kú ní Káírò, ní ilé ọ̀mọ̀wé Hasan al-Jabarti. Abd al-Rahman, ọmọ Hasan, tí a kò tíì bí nígbà náà, ni ó wá kọ orúkọ àlejò bàbá rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ilẹ̀ Íjíbítì.