Imrān ọmọ Husayn: Ọgbọ̀n Ọdún Pẹ̀lú Àìsàn

Ní mọ́sálásí wa ní Ìkòyí, à ń rí àwọn àgbà tí ojú ń tì láti jókòó kírun. Ìtàn Sàhábà yìí kàn wọ́n.

Ọdún 7 Híjírà, ọdún ogun Khaybar, ni Imrān (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gba Islām. Kálífà Umar rán an lọ sí Basra láti kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Jẹ̀díjẹ̀dí ń dà á láàmú, ó sì bi Ànábì (SAW) bí òun yóò ṣe máa kírun. Ànábì ní kó dúró. Bí kò bá lè dúró, kó jókòó. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ohun tí ara lè ṣe la fi wọn àìsàn náà. Ohun tí dókítà òde òní ń bi aláìsàn náà nìyẹn: ṣé o lè dìde, ṣé o lè wẹ̀ fúnra rẹ?

Àìsàn inú tún dá a dùbúlẹ̀, àwọn onítàn ní fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn málàíkà a máa kí i lórí ibùsùn. Nígbà tí ìrora pọ̀, ó gbà kí wọ́n fi irin gbígbóná jó o, èyí tí Ànábì ti kọ̀ fún wọn. Kò sàn, kíkí náà sì dáwọ́ dúró. (A ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ ilé ìwòsàn o, Ànábì fúnra rẹ̀ ló ní ká máa tọ́jú àìsàn.) Ó fi irin sílẹ̀, wọ́n sì padà wá kí i.

Nínú àìsàn ikú rẹ̀ ní Basra, ọdún 52 Híjírà, ló tó sọ ọ́ fún Mutarrif, ó sì ní kó bo àṣírí náà bí òun bá yè é.