Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́, Ẹni tí ó Wá Ilé fún Wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Díẹ̀ ni ó mọ̀ pé ọ̀ràn ibi tí ènìyàn yóò sùn wà lára iṣẹ́ ńlá tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Abẹ́òkúta ni a bí Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́ sí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Fourah Bay ní Sàró, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Nígbà náà, kò sí òfin tí ó de onílé. Aláwọ̀ dúdú a kọ̀wé béèrè yàrá, wọn a ní kí ó máa bọ̀. Bí wọ́n bá rí ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yàrá ti tán. Owó ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọn kò fẹ́.

Ṣóláńkẹ́ sọ pé Ọlọ́run fi hàn òun lójú àlá pé àfi bí àwa ọmọ Áfíríkà bá parapọ̀ tí a ran ara wa lọ́wọ́ ni ìdènà yìí yóò fi wó. Ní 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright dá WASU sílẹ̀. Ní 1928, Marcus Garvey fún ẹgbẹ́ náà ní ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n àdéhùn ilé náà kò pẹ́ tí ó fi parí. Ni Ṣóláńkẹ́ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní 1929. Títí di 1932 ni ó ń kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ń tọrọ owó ilé lọ́wọ́ ọba, ìjòyè àti mẹ̀kúnnù.

Ní oṣù kẹta ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní 62 Camden Road. Òun ni alábòójútó. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá WASU, ni ìyá ilé. Àwa tí a ti dá nìkan gbé yàrá olótùútù rí mọ bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti ṣe iyebíye tó.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Aggrey House ní 1934, Ṣóláńkẹ́ kọ̀ ọ́. Lójú rẹ̀, ìjọba fẹ́ fi ibùsùn ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú pàápàá, nítorí àwọn kan rò pé ilé ni ilé ń jẹ́. Gbèsè sì wà lọ́rùn WASU. Síbẹ̀, a gbà pé ó rí ọ̀nà jíjìn.

Ó kú ní 1958. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1965 kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀ràn ilé. Ti 1968 ni ó ka fífi àwọ̀ lé ayálégbé léèwọ̀, àfi nínú àwọn ilé kékeré tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé.