Daumier: Ayàwòrán tí ọba Faransé sọ sẹ́wọ̀n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní ilẹ̀ Faransé láyé ijọ́un, ọba kò pa ayàwòrán, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Honoré Daumier ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Marseille ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1808. Bàbá rẹ̀ ń fi gíláàsì sí fèrèsé fún oníléilé. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Paris, tí ọwọ́ kò tẹ́nu, ọmọ náà di ẹni tí òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ń rán níṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ ìṣe àwọn lọ́yà.

Lẹ́yìn náà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán sára òkúta, tí wọ́n á fi yíǹkì sí i, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá yóò mọ ohun tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Lọ́dún 1831, ó ya ọba Louis-Philippe bí òmìrán oníkùn ńlá tó lanu sílẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù ń ru owó lọ sẹ́nu rẹ̀. Oyè àti àmì ẹ̀yẹ ló ń yà sílẹ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn 500 franc ni ilé ẹjọ́ dá fún Daumier.

Ẹ̀wọ̀n kò pa á lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1834, àwọn sójà ya wọ ilé kan ní òpópónà Transnonain ní Paris, wọ́n sì pa àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Daumier ya bàbá kan tó kú sílẹ̀ nínú aṣọ ìwọ̀sùn, tí òkú ọmọ kékeré wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé òkúta náà àti àwọn ẹ̀dà tọ́wọ́ wọn tẹ̀.

Nígbà tí òfin ọdún 1835 dí ọ̀nà mọ́ àwòrán tó ń bu ìjọba, ó kọjú sí àwọn amòfin. Nínú ọ̀kan, lọ́yà tó ti pàdánù ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ ń tu obìnrin náà nínú pé, ó kéré tán, ó gbádùn bí òun ṣe rojọ́!

Ọba sá kúrò lórí oyè lọ́dún 1848. Daumier ń bá iṣẹ́ lọ. Àwòrán orí òkúta rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000. Lọ́dún 1870, ìjọba fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá, ó kọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán kó tó kú ní ìlú Valmondois ní February 1879, nínú ilé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ayàwòrán Corot, bá a wá. Kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwòrán òpópónà Transnonain tí ìjọba fẹ́ pa rẹ́ ṣì wà títí dòní.