Àlùfáà Raponda-Walker, Akọ̀wé Ewé àti Igi Ilẹ̀ Gabon

Bí a bá ń ka àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ àwọn olóṣèlú àti àwọn jagunjagun ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ sí wa lẹ́nu. Ó yẹ kí a ka àwọn tí wọ́n fi gègé àti sùúrù dáàbò bo ogún àwọn baba wọn mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú irú wọn ni Àlùfáà André Raponda-Walker ti Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon.

Ọdún 1871 ni a bí i. Robert Bruce Napoleon Walker, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni baba rẹ̀. Ọmọ Mpongwe ni ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń gbé etí òkun náà kí àwọn Faransé tó dé. Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ni ó ti kàwé. Nígbà tí a fi í jẹ àlùfáà ní 1899, òun ni ọmọ Gabon àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Àgùdà.

Iṣẹ́ ìjọ gbé e káàkiri, láti etí òkun dé igbó kìjikìji ẹ̀bá odò Ngounié. Níbi tí wọ́n bá rán an dé, ó ń kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, ó sì ń wádìí lẹ́nu àwọn àgbà orúkọ igi àti ewé àti ohun tí a ń fi wọ́n ṣe. Ní 1932, ó tẹ ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì kan jáde fún àwọn èdè Gabon; ní 1934, ìwé atúmọ̀ èdè Mpongwe sí Faransé tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi igi kan ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Okoumé ni igi gẹdú tí ó sọ Gabon di olókìkí lọ́jà àgbáyé. Aucoumea klaineana ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Orúkọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè é ni wọ́n fi ṣe ìdajì àkọ́kọ́. Ìdajì kejì jẹ́ ìrántí Àlùfáà Klaine, ọmọ Faransé tí ó ń ṣa ewéko jọ ní Libreville. Ẹni tí ó fi ewé ránṣẹ́ sí òkè òkun gba ọlá. Àwọn tí wọ́n ti mọ igi náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní ẹni tí ó dárúkọ wọn.

Ọgbẹ́ yìí ni Raponda-Walker fi iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn tí Gabon gba òmìnira, òun àti Roger Sillans, onímọ̀ ewéko ọmọ Faransé, gbé ìwé ńlá kan jáde ní Paris lórí àwọn ewéko tí ó wúlò ní Gabon. Ó ju 600 ojú ìwé lọ. Nínú rẹ̀ ni orúkọ sáyẹ́ǹsì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí onírúurú ẹ̀yà Gabon ń pe ewéko kan náà, pẹ̀lú ìlò rẹ̀ fún oúnjẹ, fún ìwòsàn àti fún iṣẹ́ ọwọ́. Iboga wà níbẹ̀, ìyẹn igi kékeré tí àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ń jẹ èèpo gbòǹgbò rẹ̀. Lónìí, àwọn oníṣègùn òkè òkun ń ṣèwádìí rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé ilé àyẹ̀wò wọn ni ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ní 1962, òun àti Sillans tún tẹ ìwé jáde lórí ìsìn àti ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn Gabon. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ tí ó ń sìn ti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ìbọ̀rìṣà. Síbẹ̀ àlùfáà yìí kò jẹ́ kí ó ṣègbé. Ọdún 1968 ni ó jáde láyé ní ìlú Libreville, ẹni ọdún 97.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn ọmọ wa gbọ́ orúkọ odúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin nínú ìwúre, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó lè nawọ́ sí ewé náà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́? Orúkọ tí kò sí ẹni tí ó mọ ewé rẹ̀ mọ́ ti di ariwo lásán. Kí a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àti gègé, kí a rán an sí ìyá àgbà rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ewé mẹ́wàá wá. Bí Raponda-Walker ti ṣe nìyẹn, láti ẹnu àgbà kan dé òmíràn, títí ó fi di ìwé tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ lè fi yangàn.