Rudolf Diesel àti ẹ̀rọ tí ó mu epo ẹ̀pà

Orúkọ ènìyàn ni dísẹ́lì. Ẹni tí ó ni orúkọ náà ni Rudolf Diesel, tí a bí ní Paris ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1858. Ará Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí Faransé àti Jámánì jagun ní 1870, wọ́n lé ìdílé náà kúrò ní Paris. Wọ́n sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ọmọ ọdún méjìlá náà ránṣẹ́ sí ìbátan wọn ní Augsburg, ní Jámánì. Ó kàwé níbẹ̀, ó sì kàwé gíga ní Munich.

Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ ni ó gbòde nígbà náà. Alájẹkì ni ẹ̀rọ ọ̀hún: nínú ìdá mẹ́wàá èédú tí ó bá jẹ, agbára bí ìdá kan ni ó ń mú jáde. Diesel ronú pé bí a bá tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ra gidigidi nínú irin, yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá tú sí i yóò gbiná láìsí ìṣáná. Ní 1893, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bú gbàmù, díẹ̀ ni ó kù kí ó pa á. Ní 1897, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ní ọdún 1900, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní Paris. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ Diesel tí a gbé wá síbẹ̀, epo ẹ̀pà ni ó ń mu. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa débi pé díẹ̀ nínú àwọn tí ń wò ó ni ó mọ̀. Ìjọba Faransé ni ó béèrè fún un, nítorí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà ń hù níbẹ̀. Èédú àti epo rọ̀bì, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń wá. Dahomey wà lára àwọn ilẹ̀ náà, pẹ̀lú Kétu àti Adakplamè, níbi tí ẹ̀pà kì í ṣe àjèjì nínú oko. Ṣùgbọ́n lítà epo ẹ̀pà tí ẹ̀rọ bá mu, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni a ti yọ ọ́. Epo rọ̀bì sì pọ̀, kò wọ́n; òun ni ó borí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi ní Antwerp, ó ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní òwúrọ̀, a kò bá a nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a rí òkú rẹ̀ lójú òkun. Ọmọ rẹ̀ ni ó dá àwọn ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀ mọ̀. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé fúnra rẹ̀ ni ó kó sómi.

Epo irúgbìn a máa ki jù fún ẹ̀rọ. Ní 1937, ọ̀mọ̀wé ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Chavanne, rí ọ̀nà tí a fi lè po epo pupa pọ̀ mọ́ ọtí líle kí ó lè ṣàn bíi gasoil. Lónìí, àwọn tí ń fún ilé ní ìwé-ẹ̀rí pé kò ba àyíká jẹ́ a máa béèrè ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá. Epo irúgbìn lè wà lára ìdáhùn, bí a kò bá pa igbó run láti gbìn ín. Nígbà tí Jámánì tún ilé àwọn aṣòfin rẹ̀ ní Berlin ṣe, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ tí ń fi irú epo bẹ́ẹ̀ mú iná mànàmáná àti ooru jáde sí i. Iṣẹ́ náà parí ní 1999, ọdún 86 lẹ́yìn ikú Diesel.